Dígí oníwúrà bàbá wa

Láti kékeré la ti ń gbọ́ ọ nílé wa pé Lọ́ńdọ̀nù ni dígí sáìnbọ́ọ̀dù bàbá bàbá mi ti wá. Ẹsẹ̀ bàbá náà ò kọjá Èkó rí o, àmọ́ ta ló tó bi í? GENERAL TAILOR ni wọ́n fi wúrà kọ sí i lára, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ ní Gárééjì Ọ̀fà, n'Ílọrin. Gánmọ, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà. Ìdí ń dùn mí, ìyẹn náà tó ní sísọ. Mo ra kúkúńdùnkún. Ta ló máa dé Ọ̀fà tí kò ní rà á?

Àlájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń tọ́jú dígí náà. Mo fẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ti ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù láti ìgbà èwe rẹ̀, nítòsí rélùwéè, kó lè bá wa wò ó. Àlájà ní dígí ò ní kúrò lójú òun. Ló bá fi ìró dì í, ó gbé e lẹ́sẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá bí ọmọ tuntun.

Bàbá ò tilẹ̀ wo iwájú rẹ̀. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀.

"Ẹ̀yìn níṣẹ́ wà."

Wọ́n á yọ́ jẹ̀látìn sómi gbígbóná (èèpo kápúsù tí ò lóògùn nínú làwọn mìíràn ń lò), wọ́n á fi pa ẹ̀yìn dígí, wọ́n á wá gbé ewé wúrà, ìyẹn wúrà tí wọ́n lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lé e. Ewé yìí fẹ́lẹ́ débi pé èémí lásán lè gbé e lọ, ẹ ò gbọdọ̀ tan fáànù. Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mú un, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn, kí òróró ojú díẹ̀ lè kàn án. Mo rí Àlájà tó ń yọ́ fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi ọ̀dà kọ lẹ́tà sẹ́yìn wúrà, wọ́n á yí i sódì kó lè tọ́ lójú ẹni tó ń wò ó láti iwájú, wọ́n á nu wúrà tó kù dànù, kí wọ́n tó fi ọ̀dà dúdú bò ó.

Mo bi í bóyá wúrà gidi ni. Ó yí i síwájú, ó fi ìlà tín-ín-rín hàn wá níbi tí ewé kan ti gun èkejì. "Ká ní páúdà idẹ ni, ì bá ti dúdú."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo N yìí."

Ẹ̀yìn N ló kọ sí wa! Gbogbo ayé wa la ti ń wò ó, a rò pé fáàrí ni.

"Ẹni tó kọ ọ́ gbàgbé yí i padà. Ọ̀gá wo ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa jẹ́ kírú ẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù? Wúrà lè ti òkè òkun wá, ṣebí rélùwéè ti ń gba ibí lọ sí Ìlọrin láti 1908. Ọwọ́ tó kọ ọ́, ọwọ́ ilé ni."

Inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ọmọ kọ́ṣẹ́-kọ́ṣẹ́ kan ni mò ń rò, tó yí i wò nígbà tó parí, tó rí N, tí àyà rẹ̀ já.

Àlájà ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó gbé dígí padà sára ògiri, ó fi etí ìborùn nù ún.

"Bí àwọn òyìnbó ṣe ń kọ N nígbà yẹn nìyẹn," ló wí, ó sì wọ kíṣìnnì lọ se kúkúńdùnkún mi.