Alẹ́ ni kí ẹ lọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sùn níta l'Ékòó

Tí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn tó ń sùn sábẹ́ afárá àti iwájú ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó, ẹ má wulẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Ẹ ò ní bá wọn. Àwọn tí ẹ máa bá ni àwọn tí ara wọn ò yá, àwọn tí orí wọn ti dàrú, àti àwọn ọmọ ìta tó jókòó tí wọ́n ń mu igbó. Ẹ ó wá padà sílé, ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wèrè àti ọ̀lẹ ló kún ibẹ̀. Àwọn yòókù ti jí jáde: alábàárù ti wà l'Ọ́yìngbò, kọ́ńdọ́ ti rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dáńfó, ẹni tó ń ṣa ike àti irin ti rìn dé Àpápá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ṣe ìwádìí láti mọ ohun tí àwọn tó ń sùn níta nílò, lágbègbè Ọbáléndé àti Èbúté Mẹ́tta. Ohun tó yé mi jù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe aláìníṣẹ́. Owó ń wọlé fún wọn lójoojúmọ́. Owó gọbọi tí èèyàn ń kó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó gba yàrá ni apá wọn ò ká. Lándílọ́ọ̀dù á ní owó ọdún kan, òmíràn á ní ọdún méjì. Ajẹ́ńtì á gba kọmíṣọ́ọ̀nù, wọ́n á tún gba owó agiríméǹtì. Òfin tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 ní kò gbọdọ̀ ju owó ọdún kan lọ fún ayálégbé tuntun, àti pé ẹni tó ń san oṣooṣù tó ti wà nínú ilé, wọn ò gbọdọ̀ béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. (Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ò tiẹ̀ sí lábẹ́ òfin ọ̀hún.) Ẹ lọ bi ajẹ́ńtì àdúgbò yín bóyá ó gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Sísùn níta náà sì nìyí, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Màmá kan tó ń ta àgbàdo sísè l'Ọ́báléndé ló kọ́kọ́ là mí lójú sí i. Mo ní, "Màmá, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń san nǹkan kan níbí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, níbo lọ̀fẹ́ wà l'Ékòó?" Ni wọ́n bá ń fìka kà á fún mi: owó mẹ́gádì tó ń jẹ́ kí wọ́n tẹ́ páálí síwájú ṣọ́ọ̀bù, owó ìwẹ̀, owó ilé ìgbẹ́, owó ẹni tó ń bá wọn cháàjì fóònù, owó ìyá olóúnjẹ tó ń bá wọn tọ́jú báàgì Ghana-must-go kí òjò má pa á, kí olè má gbé e. Fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ mi ò ní àyè fún ìkankan nínú rẹ̀, ẹ̀yìn bébà ni mo kọ ọ́ sí. Nígbà tá a jọ ṣírò rẹ̀ parí oṣù, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí owó oṣù kan fún yàrá kékeré l'Ájégúnlẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rí i san. Ta ló máa gba ojoojúmọ́ lọ́wọ́ wọn nínú àwọn lándílọ́ọ̀dù?

Ẹni tó bá rò pé mo ń sàsọdùn, kó rántí abẹ́ afárá Dolphin Estate n'Íkòyí lọ́dún 2024. Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé yàrá 86 ni wọ́n bá níbẹ̀, tí àwọn kan ń gba nǹkan bí N250,000 lọ́dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wó o. Gbogbo ayé ń ya ẹnu pé báwo lèèyàn ṣe ń gbé abẹ́ afárá. Èmi, iye owó yẹn ni mo ń wò. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ń sanwó ilé; ilé gan-an tó gba iye tó wà lọ́wọ́ wọn, tó sì sún mọ́ ibi iṣẹ́ wọn, ni kò sí.

Ìbéèrè náà ní bí wọ́n ṣe ń bi í. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń sùn níta?" dà bí ẹjọ́ létí ẹni tí ẹ bi. Ẹ bèèrè pé, "Níbo lẹ̀ ń gbé kẹ́ ẹ tó dé ibí?" Ìdáhùn rẹ̀ máa ń gbé yín lọ jìnnà. Ẹ ó bá ẹni tí ìyá rẹ̀ sá kúrò ní Màrókò nígbà tí ìjọba ológun wó o lóṣù keje ọdún 1990, tí nǹkan bí 300,000 èèyàn di aláìnílé. Ẹ ó bá ọ̀dọ́ Ègùn tó jẹ́ apẹja ní Otodo Gbame, àdúgbò etí omi l'Ékòó, kí wọ́n tó lé wọn láàárín 2016 sí 2017. Ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ lóṣù kẹfà 2017 pé kò bófin mu láti lé irú wọn láìwá ibùgbé mìíràn fún wọn. Ìdájọ́ ti jáde, ilé ò padà.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá fún bébà. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri rẹ̀ rí pé wọ́n máa wó o, tó bá rí àlejò tó ń ka orí èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá. Ẹ wá ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n gbà gbọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣáájú. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa àti Ègùn, torí Yorùbá nìkan ò lè gbé yín dé ìdajì abẹ́ afárá. Ẹ má bèèrè orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Fóònù yín, inú àpò ni kó wà. Mi ò mọ inú ire tí ń ya fídíò ọmọ ọlọ́mọ níbi tó ti ń sùn.

Ẹ má sì gbé ìrẹsì lọ lọ́jọ́ ìbéèrè. Ohun tí ẹni tó gbé ìrẹsì wá fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ pín in.

Àwọn tó ní ilé ládùúgbò ńkọ́? Ẹ bi àwọn náà. Alága CDA (ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò) kan sọ fún mi pé, "Aúńtí, ẹ bá wa lé wọn." Mo bi í pé ta ló ń kó gọ́tà òpópónà yẹn. Ó ní àwọn ọmọkùnrin abẹ́ afárá ni, wọ́n ń fún wọn lówó díẹ̀. Ta ló ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru? Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a jọ jókòó, ilé ìgbẹ́ ìta gbangba ni wọ́n ń fẹ́, àti iná lójú títì. Ohun kan náà tí àwọn tó ń sùn níta ti sọ.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ gbé e padà, kẹ́ ẹ kà á sí wọn létí. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ti kọ "oúnjẹ" sókè pátápátá nínú àwọn ohun tí wọ́n nílò. Wọ́n ní ká fà á wálẹ̀. Ibi tí wọ́n lè gbé ẹrù sí láìsí ìbẹ̀rù ni wọ́n fi sípò kìíní, alájọ tó máa gba ẹni tí kò ní àdírẹ́sì ló tẹ̀ lé e. Àwọn Nigerian Slum/Informal Settlement Federation, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbé àdúgbò tálákà, ti ń ṣe irú èyí, ara wọn ni wọ́n ń kà fúnra wọn, wọ́n sì ń dá owó jọ. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá ní òun fẹ́ náwó lọ́dọ̀ wa báyìí, mo máa ń ní kó wá ẹni tó ti ń dá àjọ, kó bá a san kọmíṣọ́ọ̀nù àti agiríméǹtì, kó jẹ́ kó fi àjọ tirẹ̀ san owó ilé.