Láti Ìkòròdú Sí Ìlọrin: Ẹ Bẹ̀rẹ̀ Ìṣirò Ìrìn-àjò Bàálù Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Yín

Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú, tí ẹbí rẹ̀ sì wà ní Ìlọrin bíi tèmi, yóò ti máa gbọ́ pé bàálù kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ lójú òfurufú láti Ìkẹjà débẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú lílọ àti bíbọ̀ ni pé ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ló kéré jù nínú ìrìn-àjò náà.

Bí a bá fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed lọ sí ti Ìlọrin, nǹkan bíi kìlómítà 245 ni. Ti Àkúrẹ́ tó 230, ti Àbújá sì tó 510. Àbújá ju ìlọ́po méjì Ìlọrin lọ, síbẹ̀ bíi wákàtí kan péré ni bàálù ń lò débẹ̀. Gbígbéra àti bíbalẹ̀ ló ń jẹ àkókò, ì báà jìn, ì báà má jìn. Bàálù gbọ́dọ̀ rìn nílẹ̀ dé ibi tí yóò ti sáré, kó gba àṣẹ, kó gòkè. Bí ọ̀nà bá sì kúrú, kò ní pẹ́ lórí eré tó lè tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan kó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Ní Ìkẹjà, láti àríwá sí gúúsù ni ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń sáré na sí, ìhà òkun ni afẹ́fẹ́ sì sábà ti ń fẹ́ wá. Nítorí pé bàálù máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó gbéra, ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin yóò kọ́kọ́ rí òrùlé Èkó títí dé etí omi, kí bàálù tó yí padà sí àríwá. Ìyípo yẹn kò sí nínú kìlómítà 245 tí mo kọ sókè.

Káńtà tí wọ́n ti ń gba èrò wọlé ní pápákọ̀ máa ń tì ṣáájú ìgbéra, kì í sì í dúró de ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ há mọ́ Máìlì 12, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ata àti tòmátì, tàbí mọ́ Kétu àti Ọjọ́ta. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo máa ń jáde nílé, bàálù òwúrọ̀ ni mo sì máa ń yàn. Àwọn pápákọ̀ kan ní àwọn ìpínlẹ̀ wa kò ní iná lójú ọ̀nà tí bàálù ti ń sáré, wọn kì í gba bàálù lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Bí bàálù ìrọ̀lẹ́ bá pẹ́ díẹ̀, ó lè di ọjọ́ kejì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ sí i, nítorí kùrukùru máa ń dá bàálù dúró.

Ní ti Àkúrẹ́, mọ́tò ni mo fara mọ́ fún ará Ìkòròdú, pàápàá bí ẹ bá kó ọmọ lẹ́yìn. Ẹ ó gba Ṣágámù jáde sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde láìwọ inú Èkó rárá. Ẹni tó bá sì wọ bàálù, Ọ̀bà-Ilé ni yóò balẹ̀ sí, yóò tún wá ọkọ̀ wọ ìlú.