Tí wọ́n bá fẹ́ gé eegun párì yín: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára àbúrò mi

Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé àwọn máa gé lára eegun párì ẹ̀, tàbí tó bá ní ẹbí tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ọ̀rọ̀ ohun tí wọ́n máa fi dí ihò tó bá ṣẹ́kù ni. Mi ò kí ń ṣe dókítà o, aṣọ ni mò ń tà n'Íléṣà níbí, àmọ́ ameloblastoma, ìyẹn kókó tó ń wú nínú eegun párì, ló mú àbúrò mi ọkùnrin, èmi ni mo sì ń bá a lọ bá a bọ̀, láti ọsibítù Wesley níbí títí dé ti Ifẹ̀, mo bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọ́n fi mọ̀ mí mójú.

Ìṣòro ameloblastoma ni pé ó máa ń rọra wú ni, kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Eyín á kàn máa mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á tóbi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ará ilé á ní kòkòrò ló ń jẹ eyín. Tí wọ́n bá sì kàn ha á kúrò ó lè tún padà hù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gé eegun tó yí i ká mọ́ ọn, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 kọjá ibi tó dé. Ihò tó máa ṣẹ́kù á tóbi ju ohun tí eegun lè fúnra ẹ̀ dí lọ, ni wọ́n bá ní àwọn máa gé lára eegun ìbàdí ẹ̀ fi dí i.

Àbúrò mi wá rí i lórí fóònù pé wọ́n ti ń fi píríntà tẹ eegun jáde lókè òkun, ló bá ní òun máa dúró de ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò ní gé eegun ìbàdí òun. A bẹ̀ ẹ́ títí. Mo lọ bá dókítà kan tó ní sùúrù, ó ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀, ó mú nǹkan funfun kan tí wọ́n fi píríntà tẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó fúyẹ́, ihò wẹẹrẹ-wẹẹrẹ kún ara ẹ̀. Ó ní kí n kán omi sí i. Bí mo ṣe kán an báyìí, omi ò ṣàn sílẹ̀ rárá, ńṣe ló fà á mu títí dé ìdí lójú mi. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa wọ inú ẹ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Dókítà, ṣé eegun rèé?" Ó ní, "Rárá mà, ohun tí eegun máa gùn lásán ni, ara èèyàn ló máa ṣe eegun fúnra ẹ̀."

Bó ṣe là á yé mi rèé. Kálísíọ̀mù àti fọ́sféètì ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tó wà nínú eegun wa. Wọ́n á fi CT scan, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo ihò náà, kọ̀ǹpútà á ya ohun tó máa bá a mu gẹ́lẹ́, píríntà á wá máa tò ó ní ìpele-ìpele. Àwọn ihò inú ẹ̀ kì í tó mìlímítà 1, bíi micron 300 sí 500 (micron 1000 ló wà nínú mìlímítà 1), ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ́ eegun máa gbà wọlé. Òmíì wà tó jẹ́ ike, polycaprolactone, ara á máa yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ fún bí ọdún 2 sí 3 bí eegun ṣe ń gba ipò ẹ̀, wọ́n ti ń fi irú ẹ̀ dí ihò tí wọ́n bá lu sí agbárí èèyàn ní Singapore. Àwọn kan tún máa ń fi BMP sí i, ìyẹn ohun tó ń pe eegun jáde, ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ látìgbà tí Marshall Urist ti kọ̀wé nípa ẹ̀ l'Ámẹ́ríkà ní 1965.

Igi tí iṣu ń gùn ni mo fi wé e nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún àbúrò mi, tí ilẹ̀ ò bá dáa, igi ò lè ta iṣu. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Eegun tó kù lápá méjèèjì ihò náà ò gbọdọ̀ máa mì, ìdí tí wọ́n fi ń de pílétì irin titanium mọ́ ọn nìyẹn. Erìgì gbọ́dọ̀ bò ó pátápátá torí kòkòrò àìsàn pọ̀ lẹ́nu, tó bá ṣí pẹ́nrẹ́n, ó lè bà jẹ́. Ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí ìtọ̀ súgà ẹ̀ ò lọlẹ̀, ẹni tí wọ́n ti fi iná ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní radiotherapy jó párì ẹ̀ rí torí jẹjẹrẹ, tiwọn le gan-an.

Torí náà, ihò kékeré tí eegun ṣì yí ká, bíi ibi tí wọ́n ti yọ eyín, ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti ń ṣe dáadáa jù. Tó bá jẹ́ odindi apá kan párì ni wọ́n gé, eegun ara ẹni ṣì ni wọ́n sábà máa ń lò, bóyá ti ìbàdí tàbí eegun tínínrín ẹ̀gbẹ́ ojúgun tòun ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ẹ má dúró kí èyí tó ń wú máa tóbi sí i nítorí ohun tẹ́ ẹ rí lórí fóònù, ní tèmi ìdúró yẹn ló burú jù. Àbúrò mi gbà nígbẹ̀yìn, eegun ìbàdí ni wọ́n lò, ó tiro díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ iyán báyìí.

Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa fi dí ihò yẹn, ṣé ọjọ́ kan náà ni àbí tó bá yá, ta ló sì máa ṣe eyín sí i. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n lè fi píríntà tẹ àwòṣe párì yẹn jáde ní ike, kí wọ́n ti tẹ pílétì bá a mu sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ tíátà, ó máa ń dín àkókò kù. Tẹ́ ẹ bá sì ṣe CT scan, ẹ má gba fíìmù nìkan, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní CD ẹ̀, torí fáìlì tó wà nínú CD yẹn ni wọ́n máa fi ṣe é, wọn ò lè fi fíìmù lásán ṣe é.