Orin Eikichi Yazawa Kì í Tọrọ Àánú

Orin Eikichi Yazawa ni mo gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní títí ilẹ̀ fi ṣú, ohun tí mo sì rí dì mú nínú wọn ni pé olórin rọ́ọ̀kì ará Jàpáàn yìí kì í fi orin tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ì bá fi sunkún kò kéré. Hiroshima ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1949, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì run ìlú náà. Ìyá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, bàbá rẹ̀ tí bọ́ǹbù náà ti ṣe lọ́ṣẹ́ kú nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà ló sì tọ́ ọ dàgbà nínú àìní. Nígbà tó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó wọ ọkọ̀ ojú irin òru tó ń lọ sí Tokyo, àmọ́ Yokohama ló sọ̀ sí.

Ẹgbẹ́ Carol tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Aṣọ awọ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á fi òróró yí irun wọn sẹ́yìn, orin wọn "Funky Monkey Baby" sì tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 1973. Ẹgbẹ́ náà tú ká ní ọdún 1975, Yazawa sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin.

Orin tí gbogbo ará Jàpáàn fi mọ̀ ọ́n ni "Jikan yo Tomare" ti ọdún 1978, níbi tó ti ń bẹ àkókò pé kó dúró. Ilé-iṣẹ́ Shiseido tó ń ṣe ìpara àti àtíkè ló fi í polówó ọjà, ó sì dé ipò kìíní lórí àtẹ Oricon, èyí tó ń to orin ní Jàpáàn bí wọ́n bá ṣe tà tó. Keisuke Yamakawa ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, Yazawa fúnra rẹ̀ ló ṣe ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá retí ariwo rọ́ọ̀kì kò ní rí i níbẹ̀: ìlù rẹ̀ kò kánjú, dùùrù rọra ń dún lábẹ́ rẹ̀, ohùn Yazawa tó máa ń han gooro sì wá rọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ryuichi Sakamoto ló tẹ dùùrù náà, Yukihiro Takahashi ló lu ìlù, ọdún yẹn gan-an sì ni àwọn méjèèjì àti Haruomi Hosono dá ẹgbẹ́ olórin Yellow Magic Orchestra sílẹ̀. Lójú tèmi, kò sí orin rẹ̀ mìíràn tó tó èyí.

Ṣùgbọ́n lójú agbo, "Tomaranai Ha-Ha" ti ọdún 1986 ni ọba. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ máa ń fi aṣọ ìnura ńlá kọ́ èjìká wá síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn a sì wọ kóòtù àti ṣòkòtò funfun bíi tirẹ̀. Yazawa a máa fi ọ̀pá gbohùngbohùn tí wọ́n fi téèpù funfun wé ṣeré lọ́wọ́, bí orin bá sì ti kan ègbè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣọ ìnura a fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù a sì na ọwọ́ láti hán tirẹ̀. Àwọn tó ń ju aṣọ ìnura sókè nígbà èwe wọn ti di ẹni tó ń mú ọmọ wọn lọ báyìí. Gbọ̀ngàn Budokan ní Tokyo ni ojúbọ wọn. Òun ni olórin rọ́ọ̀kì Jàpáàn àkọ́kọ́ tó dá kọrin níbẹ̀, ní ọdún 1977, ó sì pé ìgbà ọgọ́rùn-ún tó kọrin níbẹ̀ ní ọdún 2007.

Láàárín ọdún méjèèjì yẹn ni àwọn tó fọkàn tán lù ú ní jìbìtì lórí okòwò rẹ̀ ní Ọsirélíà, tó fi jẹ gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta yẹ́ẹ̀nì. Ó ń kọrin lọ ni, títí ó fi san án tán. Ní ọdún 2019, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́rin ọdún, àwo orin rẹ̀ tuntun tún gba ipò kìíní lórí àtẹ Oricon.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, "I Love You, OK" ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Òun ni orin àkọ́kọ́ tó dá gbé jáde, ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ṣe é, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ orúkọ rẹ̀.