Táyà Bẹ́ Lójú Ọ̀nà Highway 61: Bí A Ṣe Lọ Kí Àwọn Tó Ń Lù Lẹ́yìn Muddy Waters

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sẹ́bàá Highway 61 nínú oṣù kẹwàá tó kọjá, lábẹ́ oòrùn Mississippi, táyà ẹ̀yìn ọ̀tún wa ti fàya bí àkísà. Òwú lọ́tùn-ún, òwú lósì, kò sí igi kan tí a lè sá sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, torí inú ṣì ń bí mi. Ilé-iṣẹ́ tó yá wa lọ́kọ̀ ní Memphis gba dọ́là 94 lóòjọ́, wọ́n tún fi dọ́là 18 lé e fún ohun tí wọ́n pè ní ìrànlọ́wọ́ ojú ọ̀nà. Nígbà tí a ṣí búùtù, kò sí táyà ẹ́sítírà níbẹ̀. Ìgò oje kan tí wọ́n fi ń dí ihò táyà la bá, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú táyà. Táyà tó ti ya láti etí dé etí, kí ni oje fẹ́ ṣe fún un? Mo pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ náà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí mi létí fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí ẹnì kan gbé e, ó bi mí ní orúkọ àdúgbò tí mo wà àti nọ́ńbà ilé tó sún mọ́ mi jù lọ. Mo ní oko òwú ni mo wà o. Ó ní kí n máa dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ yá ọkọ̀ ní ìlú yìí, ẹ ní kí wọ́n ṣí búùtù lójú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé ohùn sókè. Ó kàn nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Àbúrò, ṣé torí olórin tó ti kú lo ṣe gbé mi wá sínú oko yìí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe torí olórin. Torí àwọn tó ń lù lẹ́yìn rẹ̀ ni."

Èmi ló ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston, ọdún kọkànlá rèé. Ẹni tó bá ń lù lẹ́yìn yóò yé ohun tí mo ń sọ. Gbogbo ayé mọ Muddy Waters, olórin blues (orin àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà), ọmọ Mississippi tí Alan Lomax, ẹni tó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní oko Stovall ní 1941, tó wọ rélùwéè láti Clarksdale lọ sí Chicago ní 1943, tó sì kú ní 1983. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó kó jọ láàárín ọdún 1970 sí 1980 ló kọ́ mi níṣẹ́: Pinetop Perkins nídìí dùùrù, Willie "Big Eyes" Smith nídìí ìlù, Calvin "Fuzz" Jones pẹ̀lú béèsì, Luther "Guitar Junior" Johnson àti Bob Margolin pẹ̀lú gìtá, Jerry Portnoy pẹ̀lú fèrè ẹnu. Mo ti gbọ́ àwo wọn débi pé mo mọ ìgbà tí Willie Smith máa mí. Mi ò rí wọn rí lójú ayé. Mo fẹ́ débi tí Pinetop sùn sí, kí n sì pàdé ẹni tó rí wọn.

Bàbá aláwọ̀dúdú kan ló dúró fún wa, nínú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́. Kò bi wá ní nọ́ńbà ilé. Ó wo táyà, ó pe ẹnì kan, ẹni náà gbé táyà tòkunbọ̀ wá láàárín ogún ìṣẹ́jú, dọ́là 60 pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́. Mo na dọ́là 20 sí bàbá náà, ó kọ̀ ọ́. Ó wá bi wá níbo là ń lọ. Nígbà tí mo ní sàárè Pinetop Perkins ni, ó pa ẹ́ńjìnì ọkọ̀ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní ṣé ẹ̀yin èèyàn yìí ti jẹun?

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti oúnjẹ yìí. Delta, agbègbè oko òwú Mississippi tí a wà yìí, ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní tamale: àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n ki ẹran sínú rẹ̀, tí wọ́n fi èèpo àgbàdo wé, tí wọ́n wá sè nínú omi ata títí tí ata yóò fi wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá mọ ọ̀lẹ̀ eléwé, ẹ ó mọ bí ọwọ́ ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń tú u. Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù kan tó wà fún àwọn àlejò gba dọ́là 14 lọ́wọ́ mi lórí mẹ́ta péré, ó tutù, kò sì lóórùn kankan. Níbi tí bàbá yìí mú wa lọ, ìyá kan ló ń tà á láti ojú fèrèsé, dọ́là 12 ni méjìlá, wọ́n so ó ní mẹ́ta mẹ́ta pẹ̀lú okùn, epo ata sì ń ṣàn lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bínú láti àárọ̀ jẹ mẹ́sàn-án. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi jẹ ìkẹfà tán.

Lórí bẹ́ńṣì ìta ibẹ̀ la ti bá àwọn méjì mìíràn. Ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin ní Chicago fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó padà wálé. Èkejì jẹ́ ìyá àgbà kan, ó wọ fìlà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí bàbá wa ṣe sọ fún wọn pé torí Pinetop la ṣe wá láti Houston, ọ̀rọ̀ bẹ́.

Bàbá onírin ní òun rí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní Muddy kì í tètè jáde. Ẹgbẹ́ náà á kọ́kọ́ fi orin mélòó kan mú ilé gbóná, Pinetop á kọrin tirẹ̀, àwọn èèyàn á ti máa jó, kó tó di pé ọ̀gá jáde wá jókòó lórí àpótí gíga rẹ̀. Láti ìgbà tí jàm̀bá ọkọ̀ ti ṣe é ní 1969 ló ti ń jókòó lù bẹ́ẹ̀. Ìyá náà ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí òun rántí ni ọwọ́ òsì Willie Smith, pé kò yára, pé ó máa ń dé díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti ń retí rẹ̀, tí ìdí rẹ á sì ti mì kí o tó mọ̀. Ó fi ṣíbí lù ú lórí bẹ́ńṣì fún wa. Ara mi bù máṣọ. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wá ibi tí ìlù yẹn wà pẹ̀lú béèsì mi, ìyá yìí sì fi ṣíbí fi hàn mí.

Òun náà ló sọ fún wa pé nígbà kan, Willie Smith ti fi ìlù sílẹ̀, takisí ló ń wà kó tó padà sọ́dọ̀ Muddy. Bàbá onírin ní Pinetop ńkọ́? Gìtá ló ń ta tẹ́lẹ̀, ìjà kan ní ìlú Helena ní Arkansas ló ba iṣan ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ló bá gbájú mọ́ dùùrù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan 1980, ohùn gbogbo wọn wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ló tú ẹgbẹ́ náà ká. Pinetop, Smith, Jones àti Portnoy lọ dá Legendary Blues Band sílẹ̀. Ìyá náà ní òun ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n òun sunkún. Mo mọ irú ẹkún yẹn. Ó wà lára ìdí tí mo fi rin ìrìn yìí: ẹni tó ń gbé ilé ró lẹ́yìn ni owó kì í sábà dé ọwọ́ rẹ̀ tán.

Ilé ìtura tí a sùn kò yẹ ní dọ́là 139 tí wọ́n gbà, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Delta Blues Museum ní Clarksdale yẹ ní gbogbo kọ́bọ̀ tí a san. Ibùdó ẹrù rélùwéè tí wọ́n kọ́ ní 1918 ni ilé náà, inú rẹ̀ ni wọ́n tún ahéré Muddy láti Stovall tò sí, àwọn pákó rẹ̀ gan-an. Billy Gibbons ti ẹgbẹ́ olórin ZZ Top fi ọ̀kan nínú àwọn pákó náà ṣe gìtá, ó wà níbẹ̀. Mo dúró nínú ahéré náà, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan orí mi bí ìgbà tí a wà ní kékeré.

Ní oko Hopson, tí kò jìnnà sílùú, tí Pinetop ti wa tirakítọ̀, ẹ̀gbọ́n já òwú kan tó bọ́ sílẹ̀, ó fi ìka ràn án bí ìyá wa àgbà ṣe máa ń ràn án ní Ọ̀yọ́. Ní 1944 ni wọ́n fi ẹ̀rọ gbin òwú, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ kórè rẹ̀ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀rọ gba iṣẹ́, àwọn èèyàn kọrí sí Chicago. Ẹ̀gbọ́n ká òwú náà sínú ìwé, ó fi sápò.

A dé sàárè náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ní oṣù kejì 2011, Pinetop àti Willie Smith jọ gba ẹ̀bùn orin Grammy fún àwo tí wọ́n jọ ṣe, Pinetop jẹ́ ẹni ọdún 97. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ló kú, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án, Smith tẹ̀ lé e. Mo fi omi díẹ̀ ta sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, torí mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ní èdè mìíràn kó dùn mọ́ mi.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ò tíì dá dọ́là 60 wa padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń padà sí Memphis, nǹkan bíi máìlì 80, ẹ̀gbọ́n ní kí n tún fi orin ẹgbẹ́ Muddy sí i. Ó ń fi ìka lu itan rẹ̀, ó ń yára jù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró dè é." Ó dúró dè é. Ní ìgbà kẹta, ó bọ́ sí i.