Ẹfinrin, Òróró Inú Rẹ̀ àti Irorẹ́ Ojú

Bí ọ̀rọ̀ irorẹ́ bá délẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kò sí ẹni tí kì í ní oògùn tirẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹfinrin ni àwọn ìyá ẹlẹ́wé ní ọjà Kútọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún mi. N kò bá wọn jiyàn pé agbára ń bẹ nínú rẹ̀. Àmọ́ ewé lọ́tọ̀, òróró inú rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tó bá já ewé ẹfinrin kan, tó sì fi ìka méjì rún un, yóò gbọ́ òórùn líle tó ń ta sí imú. Òróró inú ewé ló ń rùn bẹ́ẹ̀, ó sì kéré débi pé ewé púpọ̀ ni wọn yóò fi ooru omi gbígbóná fà kí díẹ̀ tó jáde. Thymol wà lára èròjà rẹ̀. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ máa ń dá ihò sára awọ tó bo bakitéríà, tí inú rẹ̀ yóò fi máa jò títí yóò fi kú. Bakitéríà tí ọ̀rọ̀ irorẹ́ kàn ni Cutibacterium acnes, tó ń gbé inú ihò irun, tó sì ń jẹ ọ̀rá ara níbẹ̀. (Òun nìkan kọ́ ló ń fa irorẹ́ o, họ́mọ́ọ̀nù àti ihò tó dí náà lọ́wọ́ sí i.)

Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, gbé àbájáde ìwádìí jáde pé òróró ẹfinrin tí a pò mọ́ ìpara ní ìwọ̀n 2% ṣiṣẹ́ ju benzoyl peroxide 10%, oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, lọ. Bí wọ́n sì ṣe ń fi kún òróró náà ni ó túbọ̀ ń ta awọ ara. Ní Ọsirélíà, ní 1990, wọ́n dán òróró tea tree (igi kan ní ilẹ̀ wọn) 5% wò pẹ̀lú benzoyl peroxide 5% lára ènìyàn 124: òróró náà falẹ̀, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ kéré sí ti èkejì.

Ìwọ̀n yìí gan-an ni kò sí lára ìgò dúdú kékeré òróró ẹfinrin tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rà ní Pańṣẹ́kẹ́. Ó fi í pa ojú láìpò ó mọ́ ohunkóhun, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì bó. “Àǹtí, ewé ṣáà ni, kí ló fẹ́ ṣe?” ni ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú náà jinná, mo béèrè ìpara ẹfinrin 2% lọ́wọ́ àwọn apoògùn ní Ìbarà. Benzoyl peroxide ni wọ́n ní nílẹ̀. Òun ni mo rà fún un.