Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu

Yàrá pàjáwìrì àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, n ó sì sọ ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ láìfepo bọyọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì mú, nígbà tí wọ́n bá fi gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, kì í ṣe gìrì ló ń fẹ́ pa wọ́n mọ́. Ohun tí wọ́n dà sí wọn lẹ́nu nílé ni.

Bí wọ́n bá gbé ọmọ wọlé, àyà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ṣé ó ń mí? Ṣé ihà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí? Ètè rẹ̀ ńkọ́, ṣé kò dúdú bí aró? Ẹnìkan ti fi ẹ̀rọ kékeré kọ́ ọ níka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, a ti fi ọ́síjìn sí i nímú nìyẹn, a kì í dúró béèrè káàdì. Ẹlòmíì ti ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, torí ibà tó le a máa jẹ ṣúgà ọmọdé tán, àìsí ṣúgà nìkan sì tó láti mú gìrì wá. Mo ti rí i tí ọmọ tó rọ jọwọrọ lajú, tó ń wá ìyá rẹ̀ kiri, kò pẹ́ tí omi ṣúgà wọ iṣan rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Ìyá àgbà kan gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá lóru. Epo pupa ti dí ihò imú ọmọ náà, ó ti ṣàn dé ọrùn, òórùn àlùbọ́sà àti tábà ń jáde lára aṣọ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó, torí wọ́n ti nà án síná kó lè ta jí. A ti rọ́bà ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun, epo ló ń bá a jáde.

"Màmá, ẹ dákun, kí lẹ fún un? Mi ò ní bú yín."

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. "Epo ni, nọ́ọ̀sì."

"Epo nìkan, Màmá?"

"Àgbo ìtọ̀ màlúù díẹ̀ wà níbẹ̀. Òun náà ni ìyá mi fi wo èmi."

Gìrì ti lọ kí wọ́n tó dé. Gbogbo òru yẹn, àgbo àti epo la bá jà. Ó yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó jinná ju ibà náà lọ.

Ewé tábà, ààyù, efinrin àti àlùbọ́sà ni wọ́n sábà máa ń rẹ sínú ìtọ̀ màlúù yẹn. Àgbo náà a máa já ṣúgà ọmọ wálẹ̀, a sì máa mú èémí rẹ̀ falẹ̀. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, nítorí náà ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ṣíbí tí wọ́n ń tì bọ ẹnu náà, eyín ló ń kán. Kò sí ẹni tó ń gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì.

Mo kórìíra kí nọ́ọ̀sì máa jágbe mọ́ irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ẹni tí a bá sì dójú tì lónìí, yóò fi ìgò àgbo pamọ́ fún wa lọ́la.

Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, níbi tó jìnnà síná. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ nu ìfófòó ẹnu rẹ̀ nù, ẹ wo aago. Gìrì ibà sábà máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ kó tó pé ìṣẹ́jú 5. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbéra kíákíá. Bó bá dáwọ́ dúró náà, ẹ ṣì gbé e wá, torí ojú lásán kò lè fi ibà mọ̀ yàtọ̀ sí àrùn tó ń mú awọ ọpọlọ. Lórí ọ̀kadà, ẹ má pọ̀n ọ́n. Iwájú ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ lè máa rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń mí.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ wá owó wá ná kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ, ẹ má kúrò níbẹ̀. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fún un ní nǹkan kẹ́ ẹ tó mọ̀, ẹ mú ìgò náà dání, kẹ́ ẹ sọ fún wa ìgbà tó mu ún àti bó ṣe pọ̀ tó.